Kíláàsì Ìlúwẹ̀ẹ́ fún Àgbàlagbà tí Omi Gbalasa ń Já Láyà: Ohun tí Mo Rí Gbà fún ₦75,000 ní Abẹ́òkúta

Bí ẹ bá mọ̀wẹ̀ dáadáa nínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n tí ìpáyà ń bò yín mọ́lẹ̀ bí ẹ bá ti dé ojú omi tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ń kọ èyí fún. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni ó ni kíláàsì náà, púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní agbègbè Ìbarà ni ó sì ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà. Ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ni mo san ₦75,000 fún: mẹ́jọ nínú púùlù, méjì nínú adágún Dáàmù Ọ̀yán. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn kan tó wúwo lọ́wọ́ tí mo ti bá a sọ lójúkojú, n kò sì fẹ́ kí ó dà bíi pé mo ń dójú tì í láàárín ọjà. Ẹni tó bá wádìí dáadáa ní Abẹ́òkúta yóò rí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó béèrè kí ó tó sanwó ni mo fẹ́ kí ó mọ̀.

Ìtokò ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá wa kì í jẹ́ kí a sún mọ́ Odò Ògùn ní apá Láfẹ́ńwá, pàápàá nígbà òjò tí odò náà bá kún tí ó sì ń gbé igi àti pàǹtírí kọjá lábẹ́ afárá. Ìyá wa máa ń sọ fún wa pé Yemọja ló lódò, pé kì í dá ọmọ ọlọ́mọ padà. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, inú púùlù ni mo sì ti kọ́ ọ. Mo ń lọ mo ń bọ̀ ní ogójì ìgbà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo sì gbà pé mo ti mọ̀wẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ ṣe fàájì ní Ọ̀yán, tí mo bẹ́ láti inú ọkọ̀ apẹja sínú adágún náà. Omi kò tutù, kò sí ìgbì, kò sí ohun kankan tó fọwọ́ kàn mí. Mo kàn wo ìsàlẹ̀, mo rí omi tó ṣú bí àgbo, ẹsẹ̀ mi wá ilẹ̀ tì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àyà mi há, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, tí mo sì ń lu omi bí ẹni tó ń gún iyán. Apẹja náà ló fà mí lápá padà sínú ọkọ̀. Èmi tí mo ń wẹ̀ ní ogójì ìgbà kò tíì jìnnà sí ọkọ̀ náà ju mítà mẹ́wàá lọ.

Ohun tó jọ mí lójú nípa kíláàsì yìí ni pé olùkọ́ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́fà lúwẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí a di etí púùlù mú, kí a ki ojú bọ omi, kí a sì gbé e sókè padà. Nígbà tí ó kàn mí, ó bi mí pé, “Àǹtí, kí lẹ ṣe sí èémí yín lábẹ́ omi?” Mo ní mo dì í mú ni. Ó ní, “Ibẹ̀ ni wàhálà yín wà, mà. Ẹ kọ́kọ́ mí síta ná.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni títí ó fi ṣàlàyé. Kì í ṣe àìtó oxygen ni ó kọ́kọ́ ń mú kí ara máa pariwo pé òun fẹ́ mí, bí kò ṣe carbon dioxide tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá di èémí mú. Ẹni tí kò mí síta lábẹ́ omi yóò gbé orí sókè pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tó ṣì kún fún afẹ́fẹ́ àtijọ́, yóò sì tún máa fa tuntun lé e lórí, bí ẹni tó fẹ́ bu omi sínú kèrègbè tó ti kún. Afẹ́fẹ́ kò ní wọlé tó bó ṣe yẹ, onítọ̀hún yóò sì gbà pé òun ń kú lọ. Ìbẹ̀rù yóò mú kí ọkàn máa sáré, yóò máa mí kéékèèké láti òkè àyà, orí rẹ̀ yóò máa fò lọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa ta á. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù gan-an ni ó ń fi mímí rẹ̀ dá sílẹ̀.

Kí ló dé tí kò ṣe mí bẹ́ẹ̀ nínú púùlù? Púùlù òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń wẹ̀ kò ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí mo bá ti dé etí kan, màá fọwọ́ kan ògiri, màá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, kí n tó padà. Nítorí náà, n kò tíì wẹ̀ ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ rí láyé mi. Ogójì ìgbà ni mo kàn ń wẹ mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ògiri ló ń bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀, kò sì sí ògiri ní àárín adágún. Àlàyé yìí nìkan tó owó tí mo san, nítorí pé láti ọdún méjì ni mo ti ń bá ara mi wí pé ojo ni mí, tí àwọn ará ilé sì ń sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà sí i.

Ẹ̀kọ́ kejì títí dé ìkarùn-ún dá lórí mímí síta àti fífẹ̀yìn léfòó. Ó ní kí a máa kùn lábẹ́ omi bí ẹni ń kọrin pẹ̀lú ẹnu pípadé, nítorí pé ẹni tó ń kùn kò lè di èémí mú. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ wa láti yí padà sí ẹ̀yìn, kí a gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kí etí wọ inú omi, kí a na apá gbalaja, kí a má sì ṣe ohunkóhun mọ́. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí kò tíì wọ púùlù rí, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wa. Àwa tí a ti mọ̀wẹ̀ tẹ́lẹ̀ la ń bá omi jà. (Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ máa ń dirun, ẹ wá fìlà rọ́bà tó fẹ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n ń tà ní ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì náà kò gba irun ènìyàn dúdú.)

Ẹ̀kọ́ kẹfà ni mo kà sí ọba gbogbo wọn. Olùkọ́ náà fi sẹ́lótéèpù dúdú bo gíláàsì ìwẹ̀ wa, ó ní kí a máa wẹ̀ lọ láìríran, nígbà tí òun ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú omi tí kò ju àyà lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni mo ta tí jìnnìjìnnì Ọ̀yán fi padà dé, odindi, bí ẹni pé ó ti ń dúró dè mí ní kọ̀rọ̀ púùlù náà. Mo mọ̀ pé bí mo bá nàró, ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, síbẹ̀ àyà mi há gẹ́gẹ́ bí ti ọjọ́sí. Kò jẹ́ kí n nàró. Ó ní kí n yí sẹ́yìn, kí n mí síta pẹ́ ju bí mo ṣe ń mí sínú lọ, kí n ka èémí mẹ́wàá, kí n tó tẹ̀síwájú. Nígbà tí mo ka méje, àyà mi ti rọ̀. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò fìgbà kan sọ fún wa pé kí a má bẹ̀rù. Ńṣe ló ń mọ̀ọ́mọ̀ pe ìpáyà náà jáde níbi tí kò ti lè pa wá, kí a lè mọ ọ̀nà tí yóò gbà lọ.

Ẹ̀kọ́ keje àti ìkẹjọ kò ju bó ṣe yẹ lọ: a kọ́ bí a ṣe ń yọ ojú lókè omi bí ọ̀nì láti wo ibi tí a ń lọ, a sì wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa kí ó má baà dẹ́rù bà wá bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn bá gbá wa. Kò sọ ohunkóhun nípa omi tútù, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wa ń múra láti lọ sí Ìlú Ọba. Níbẹ̀, bí ènìyàn bá já sínú omi tí kò gbóná tó ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara fúnra rẹ̀ ni yóò mú kí ó mí sínú lójijì láìfẹ́, kí ó sì máa mí hẹlẹhẹlẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ara wọn ní etíkun ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀kọ́ kejì wa: kí onítọ̀hún fẹ̀yìn léfòó títí ara yóò fi balẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ náà fi í kún un.

Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, wà ní nǹkan bí kìlómítà 20 sí Abẹ́òkúta, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn. Adágún ẹ̀yìn rẹ̀ lè tẹ́ dé nǹkan bí hẹ́kítà 4,000, láti ibẹ̀ sì ni omi ti ń ṣàn wá fún àwọn tó ń fa omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Agogo méje àárọ̀ la débẹ̀. Olùkọ́ náà ti bá apẹja méjì ṣe àdéhùn, ọkọ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó sì so bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn kan mọ́ ìbàdí olúkúlùkù wa pẹ̀lú okùn, èyí tí ó ń léfòó tẹ̀lé wa tí a sì lè dì mú bí ó bá rẹ̀ wá. Nígbà tí mo wẹ̀ dé nǹkan bí ọgbọ̀n mítà, ìpáyà náà dé. Mo yí sẹ́yìn, mo wo ojú ọ̀run, mo ka èémí mẹ́wàá, mo tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì tẹ̀síwájú. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo dúró bẹ́ẹ̀ kí n tó wẹ̀ dé igi gbígbẹ tí olùkọ́ náà fi ṣe àmì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀kan ni mo dúró. Ẹ̀rù kò tíì tán lára mi, olùkọ́ náà kò sì ṣèlérí pé yóò tán.

Ẹ̀sùn mi nìyí. Àtọ̀sí ajá, àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní schistosomiasis, wà ní Ọ̀yán. Kì í ṣe ìròyìn tuntun. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń kọ̀wé nípa àrùn náà ní àwọn abúlé tó yí adágún náà ká, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń tọ̀ ẹ̀jẹ̀. Inú ìgbín omi kéékèèké ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, etídò tí koríko wà tí omi kò sì jìn ni ó sì pọ̀ sí jù, àgàgà nígbà tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án. Lílọ tí a lọ láàárọ̀, tí a sì wẹ̀ níbi tó jìn, dín ewu náà kù, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò. Olùkọ́ wa kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa nípa rẹ̀. Ó tún fi wá sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú nínú omi tó dé orúnkún, láàárín koríko, nígbà tí a ń dúró de ọkọ̀ kejì. Nígbà tí mo bi í, ó ní àwọn apẹja ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn apẹja náà ló kúkú ń ṣe jù! Èmi fúnra mi ni mo lọ rí dókítà, tí ó ní kí n dúró di ọ̀sẹ̀ kẹjọ kí n tó ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, nítorí pé bí ó bá yá jù kò ní hàn, àti pé oògùn praziquantel tí a fi ń wò ó, kòkòrò tó ti dàgbà nínú ara ló ń pa. Àyẹ̀wò mi kò fi nǹkan kan hàn. Ẹni tí kò bá ní dókítà tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀sùn kejì kéré sí i, ṣùgbọ́n n kò ní gbójú fò ó: ẹ̀wù amúniléfòó méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ fún ènìyàn mẹ́fà. Àwọn bọ́ọ̀lù tí a so mọ́ ìbàdí kò lè dípò rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá dákú kò lè di nǹkan mú. Ní ti àkókò, kò sí ẹ̀kọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní déédéé agogo tí wọ́n dá. Ibi ìpààrọ̀ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì náà mọ́, ó sì ní kọ́kọ́rọ́.

Tí ẹ bá ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, ẹ rí dókítà yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, nítorí pé àìlèmí tó ń wá láti inú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí kíka èémí mẹ́wàá ń wò. N kò sì ní gba ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ rárá nímọ̀ràn láti tẹ̀lé wọn dé Ọ̀yán lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mẹ́jọ péré. Ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dúró sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ náà, ó sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó jọ mí, tí ó mọ̀wẹ̀ tí ẹ̀rù sì ń bà, n kò rí ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ mìíràn tó wúlò tó èyí.

Mo ti san ₦30,000 fún ẹ̀kọ́ mẹ́rin mìíràn. Mo kọ májẹ̀mu mi sínú ìwé fún un: ẹ̀wù amúniléfòó mẹ́fà nínú ọkọ̀, inú ọkọ̀ ni a óò ti máa wọ omi kì í ṣe etídò, yóò sì máa sọ ti àtọ̀sí ajá fún gbogbo ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀wù mẹ́rin ló tíì rà. Bí kò bá pé mẹ́fà lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, púùlù ni a óò ti ṣe ẹ̀kọ́ náà.