Gíá 4Runner tó ti rẹ̀: ká ra tòkunbọ̀ ni, àbí ká tú tiwa palẹ̀?

Toyota 4Runner ọdún 1996 sí 2002 là ń sọ, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì V6 3.4 àti gíá ọtomátíìkì, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà. Ẹ́ńjìnnì jíìpù yìí kì í tètè kú. Gíá ló máa ń dá a dúró, pàápàá bó bá jẹ́ gosíló Third Mainland ló ń bá fà láàárọ̀ lálẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà nígbà náà: ká ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí Trade Fair, tàbí ká tú tiwa palẹ̀ ká pààrọ̀ ohun tó jẹ nínú rẹ̀. Àwọn kan á ní ká kúkú sọ ọ́ di gíá ọlọ́wọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ rí i dájú pé gíá ló kú. Ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀, kébù tó ti orí tọ́rọ́tù wá tó ti dẹ̀, tàbí sólẹ́nọ́ìdì kan péré, ìyẹn fáàfù kékeré tí iná ń ṣí (kóòdù P0750, P0755 tàbí P0770 ni ẹ̀rọ ìyẹ̀wò máa gbé jáde), lè mú kí gíá máa ṣe bí ẹni tó ń kú lọ. Bí ọ́ìlì bá ti dúdú, tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, ẹjọ́ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ní ti kó bá ọkọ̀ mu, tiyín ti bá a mu, ó parí. Tòkunbọ̀ ló gba ojú. A340F ni orúkọ gíá tẹ́ ẹ̀ ń wá. A340E jọ ọ́ bí ìbejì téèyàn bá dúró níwájú rẹ̀, àmọ́ ìdí rẹ̀ kò ní ibi tí transfer (àpótí tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn) máa jókòó sí, torí ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà ni wọ́n ṣe é fún. Ti ẹ́ńjìnnì 2.7 pàápàá, ẹnu rẹ̀ kò bá V6 mu. Ẹ wo líbẹ́ẹ̀lì etí ilẹ̀kùn dírẹ́bà níbi tí wọ́n kọ A/TM sí, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ìdí gíá yín àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà rẹ̀ dání lọ sọ́jà.

Testing, ìyẹn àsìkò tí wọ́n fún yín láti dán gíá wò, ni ibi tí owó ti ń jò. Ẹni tó ń tà á á ní, “Ọ̀gá mi, ọkọ̀ tó forí sọlẹ̀ la ti yọ ọ́, gíá ò lálèébù, ẹ lọ fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò.” Ọ̀sẹ̀ kan yẹn, ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí mẹkáníìkì dè é. Bó bá sì bàjẹ́, gíá mìíràn nìkan ni wọ́n máa fún yín. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mejì, ọ́ìlì bíi lítà mẹ́wàá tó ṣòfò, owó ọkọ̀ tó gbé gíá lọ tó gbé e bọ̀, ọrùn yín ni gbogbo ẹ̀ wà. Wọ́n á ti fi ọ̀dà sàmì sí nọ́ọ̀tì; ẹ tú u nílé, testing parí. Torí náà, ojú ọjà ni kẹ́ ẹ ti ní kí wọ́n ṣí páànù ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fọwọ́ nu mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Eruku irin eléérú tó kúnná bí àtíkè kò burú. Irin wẹ́wẹ́ tó gún ọwọ́, tàbí ohun tó ń dán bí bàbà, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣí i ti dá yín lóhùn.

Bẹ́ ẹ bá dè é tán, ẹ má dán an wò ní àdúgbò. Ẹ wa ọkọ̀ náà láti Ọjọ́ta dé CMS lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó bá gbóná, ẹ gbé e láti N sí D: kò gbọdọ̀ pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 1.2 kó tó mú. N sí R, 1.5.

Títú tiyín kò ní testing kankan, àmọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lẹ ó fojú rí. Síìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì, díìsìkì, fílítà àti kọ̀nfátà (èyí tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíá, tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára kọjá) lẹ máa rà. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á rẹ díìsìkì tuntun sínú ọ́ìlì gíá fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, á fi afẹ́fẹ́ dán písìtìnì wò, kò sì ní jẹ́ kí àkísà onífọ́nrán sún mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá rí ọmọ iṣẹ́ tó ń tú valve body (ibi tí ọ́ìlì ń gbà darí gíá) lórí iyanrìn, ẹ gbé gíá yín kúrò níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kéékèèké wà nínú rẹ̀, ọ̀kan péré tó bá sọ nù, gíá ò ní wọlé dáadáa mọ́. Bí ọ̀gá bá bá a pé dúrọ́ọ̀mù tàbí páńpù ti fọ́, tòkunbọ̀ di dandan.

Tòkunbọ̀ yá ju títú lọ: ọjọ́ kan tàbí méjì ni tòkunbọ̀, títú á gba ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún.

Rẹdiétọ̀ ló ń pa gíá méjèèjì. Inú rẹ̀ ni ọ́ìlì gíá ti ń lọ tutù, omi kànga tí wọ́n ń dà sí i dípò kúláǹtì sì máa ń mú kó dípẹtà, kó jẹ inú rẹ̀ lu. Omi á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì á di pupa rẹ́súrẹ́sú bí yógọ́ọ̀tì, gọ́ọ̀mù tó di díìsìkì mú á sì tú. Ẹ pààrọ̀ rẹdiétọ̀ tó ti dàgbà, tàbí kẹ́ ẹ so kúlà ọ̀tọ̀ síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ páìpù méjèèjì kí gíá kankan tó wọlé.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, kọ̀nfátà gbọ́dọ̀ wọlé ní ìpele mẹ́ta, kó sì máa yí fàlàlà. Mẹkáníìkì tó bá ń fi nọ́ọ̀tì fa gíá mọ́ ẹ́ńjìnnì ti ń fọ́ páńpù lọ.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè dúró ju ọjọ́ méjì lọ, kó ra tòkunbọ̀, kò burú. Ẹni tó lè fi jíìpù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tó sì rí ọ̀gá tó máa jẹ́ kó dúró wo gíá náà bí wọ́n ṣe ń tú u, kò sí ohun tó fẹ́ lọ wá ní Ládípọ̀ ju díìsìkì àti síìlì lọ. Ọ́ìlì Dexron III ni, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá ti pupa. Inú gbígbóná, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, lẹ ti máa fi igi wọ̀n ọ́n.