Ilé olówó pọ́ọ́kú ní Lugbe: àgbéyẹ̀wò láti ẹnu ẹni tó ń gbé inú rẹ̀

Ilé náà dára. Ẹ jẹ́ n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń bi mí léèrè pọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń fẹ́ gbọ́ ni bóyá ògiri ti là. Kò là. Òrùlé kò jò. Ilẹ̀ ibi tí a wà ga, àgbàrá kì í yà sí wa, èyí kì í sì í ṣe nǹkan kékeré ní Lugbe, ní Àbújá níbí, níbi tí omi ti máa ń wọlé bá àwọn kan lórí ibùsùn. Yàrá méjì, pálọ̀, ilé ìdáná, balùwẹ̀ méjì. Ògiri kan náà ni èmi àti aládùúgbò mi jọ ń lò. Bí ó bá ń gúnyán, èmi náà máa ń mọ ìgbà tí iyán ti fẹ́ kúnná.

Orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni mo ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀: olówó pọ́ọ́kú.

Ní Àbújá, bí wọ́n bá pe ilé ní olówó pọ́ọ́kú, ẹ béèrè bóyá kákáàsì ni. Kákáàsì ni ilé tí wọ́n mọ ògiri rẹ̀, tí wọ́n kan páànù lé, tí wọ́n rẹ́ ìta rẹ̀ kó lè dùn ún wò láti ojú títì, ṣùgbọ́n tí kò sí táìlì nínú rẹ̀, kò sí wáyà iná, kò sí páìpù, kò sí ilẹ̀kùn yàrá. Ọmọkùnrin tó mú mi lọ wo tiwa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó ní, “Mọ́mì, ilé ti parí tán, ó ku kẹ́ ẹ fọwọ́ yín sí i díẹ̀.” Ọwọ́ tí mo fi sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi rà á. Ẹni tó bá ti ra wáyà àti táìlì ní ọjà Dei-Dei rí á mọ ohun tí mò ń sọ: iye tí wọ́n dá lé e lánàá kọ́ ni wọ́n ó dá lé e lónìí.

Lẹ́yìn náà ni owó àmáyédẹrùn dé: owó ọ̀nà, owó gọ́tà, owó tiransifọ́mà. Kò sí lára iye tí wọ́n kọ sórí pátákó. Inú ìwé àdéhùn ló wà, níwájú ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn fọwọ́ sí i. Ọ̀nà tí a san owó rẹ̀ ṣì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kànga-dẹ̀rọ wà, omi rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n tí iná bá lọ títí, mẹ́ruwà ni à ń ké sí, àwọn tó ń ti ọmọlanke kẹ́ẹ̀gì kiri.

Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ ló gba sùúrù jù. Nínú irú ẹ́sítéètì báyìí, orúkọ ilé iṣẹ́ tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ló wà lórí ìwé, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ra ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sanwó tán láti ọdún gbọọrọ, tí kò sí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ju risíìtì lọ. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni àtúnṣe tí ìjọba FCT, ìyẹn agbègbè olú ìlú Àbújá, ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí olúkúlùkù onílé gba ìwé ní orúkọ ara rẹ̀. Tiwa ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìdí tó fi ká mi lára ni owó ẹ̀yáwó. NHF, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, ń yọ 2.5% lára owó oṣù wa. Nínú rẹ̀ ni Federal Mortgage Bank ti ń yáni lówó ilé ní èlé 6% lọ́dún, nígbà tí báńkì ìṣòwò ń gbà ju 20% lọ. Ó dáa gan-an ni. Àmọ́ ìwé tó dúró ni wọ́n ń béèrè, risíìtì kì í ṣe ìwé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ló gbà mí.

Ká tilẹ̀ ní ìwé wà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá yá mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní èlé 6%, tó sì fẹ́ san án fún ogún ọdún, ohun tí yóò máa san lóṣù lé ní 71,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa ì bá má jẹun, ì bá má wọkọ̀, yóò ṣì jẹ gbèsè. Mílíọ̀nù mẹ́wàá kò sì ra irú ilé tiwa mọ́.

Ta wá ni wọ́n ń kọ́ ọ fún? Lẹ́yìn ilé wa, tẹ̀ráàsì oníyàrá mẹ́rin pẹ̀lú BQ, ìyẹn yàrá ọmọ ọ̀dọ̀, ni wọ́n tún ń mọ, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ parí kò sì ní olùgbé. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, ọlọ́kadà, kọpà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, self-con ni wọ́n ń wá kiri. Bí wọn ò bá rí i, Mararaba tàbí Masaka ni wọ́n ń gbà lọ, ní ìpínlẹ̀ Násáráwá, tí wọ́n á sì máa bá gosiló Nyanya fà á láràárọ̀. Yàrá kan pẹ̀lú balùwẹ̀, tí wọ́n parí inú rẹ̀, ni ìlú nílò. Kò sí akọ́létà tó fẹ́ gbọ́ ọ, torí èrè ibẹ̀ kéré.

Owó ọkọ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Láti inú ẹ́sítéètì, kẹ̀kẹ́ dé ibùdókọ̀ Car Wash. Láti Car Wash, ọkọ̀ dé Berger. Láti Berger, òmíràn dé Sẹkitéríàtì. Reluwé tó ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kò ní ibùdó ní Lugbe.

Tọkọtaya tí owó oṣù méjì ń wọlé fún, tí wọ́n ní ohun tí wọ́n lè fi parí kákáàsì láìyáwó, kí wọ́n rà á, wọn ò ní kábàámọ̀. Ẹni tó ń dá nìkan gbọ́ bùkátà, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba nọ́ńbà ilẹ̀ náà, kí ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní AGIS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá. Ọ̀sán Sátidé ni àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti máa mú èèyàn wá wò ó. Ẹ sọ fún wọn pé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé lẹ fẹ́, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹ sì wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀.