Biconical àbí discone: èwo ló yẹ kí ẹ rà l'Ábùjá?

Eríà rédíò (antenna) ni méjèèjì. Òkòtó méjì ni biconical: ṣóńṣó wọn kọjú síra, ibẹ̀ náà ni wáyà ti ń wọlé. Òkòtó kan péré ni discone ní. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò nísàlẹ̀, àwo pẹlẹbẹ sì wà lókè ṣóńṣó. Wọn kì í sábà fi páànù ṣe wọ́n. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tò bí irin agbòjò, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó bá mọ ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ níbí á mọyì ìyẹn.

Láti 1898 ni Oliver Lodge, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi òkòtó méjì yìí gba ìwé ẹ̀tọ́ (patent). Bó ṣe ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ṣóńṣó ni oríṣiríṣi ìgbì rédíò fi ń rí àyè gbà lára rẹ̀. Dipole, ìyẹn ọ̀pá méjì lásán tó nà sọ́tùn-ún sósì, ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbì tó bá gígùn rẹ̀ mu nìkan ló ń gbọ́ dáadáa.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìyẹn sáré ra biconical. Èyí tí wọ́n ń tà fún 30 sí 300 MHz, irinṣẹ́ ìwọ̀n ni. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò bóyá ó ń da rédíò ẹlòmíràn láàmú ló nílò rẹ̀. Kò sábà gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ mítà 5 ni ìdajì ìgbì 30 MHz, nítorí náà etí rẹ̀ ò mú níbẹ̀. Ìwé ìwọ̀n tó bá a wá ni wọ́n fi ń ṣàtúnṣe àìgbọ́ràn yẹn. Mo ti sanwó fún ọ̀kan tí kò ní ìwé rí, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹni tó fẹ́ jókòó sí Kubwa kó máa gbọ́ FM àti ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfuurufú, láti 118 dé 137 MHz, discone ni kó rà. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti biconical, gbogbo àyíká ló sì ń gbọ́. Ẹ fi MHz tó kéré jù tí ẹ fẹ́ gbọ́ pín 75: iye mítà tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nìyẹn. Fún 88 MHz, ó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 85. Bí òǹtajà bá gbé èyí tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 wá, tó ní ó ń gbọ́ FM ketekete, ẹ má gbà.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ẹni tí kò yẹ kó gbà wọlé. Ilé iṣẹ́ FM tó wà nítòsí lè bo rédíò kékeré tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Bí bàálù nìkan lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ ra filter tó ń dí FM mọ́ ọn.

Tẹlifíṣọ̀n nìkan ńkọ́, pàápàá fún ẹni tó wà ní Gwagwalada? Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, ẹ ra log-periodic ti UHF (ìgbì tẹlifíṣọ̀n), ìyẹn eríà olọ́pàá púpọ̀ tí gígùn wọn ń dín kù léraléra, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí òpó ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Kí ẹ tó sanwó discone, ẹ mú mítà tí àwọn oníná fi ń yẹ wáyà wò, èyí tó ń dún bí iná bá rí ọ̀nà kọjá, kí ẹ fi kan irin àárín àti irin ẹ̀gbẹ́ ojúhò wáyà. Bí kò bá sí wáyà mìíràn tó so irin méjèèjì pọ̀ nínú discone náà, mítà kò gbọdọ̀ dún. Bó bá dún, àwo ti kan òkòtó nìyẹn. Ẹ dá a padà.