Ìkìlọ̀: ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tàn lójú yín kọ́ ni wọ́n máa dì fún yín

Ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín kọ́ mọ́tò nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó ẹ́ńjìnnì fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Èyí tó dára ló máa tàn lójú yín, òkú ẹ́ńjìnnì ló máa kó sínú ọkọ̀ fún yín. Ó ṣe é fún mi. Mo ti rí ẹni méjì mìíràn tó ṣe é fún, ọ̀kan ní Modákẹ́kẹ́, ọ̀kan ní Òṣogbo. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí nítorí ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ tú síta, kí ẹ lè dá a mọ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti pàdé rẹ̀.

Iléṣà ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí, bí mo bá ti dé láti ilé ìwé tí mo jẹun tán, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mọ́tò kékeré ẹlẹ́ni méjì ni mò ń kọ́, irú èyí tí Colin Chapman gbé jáde ní England ní 1957 tó pè ní Lotus Seven. Ó fúyẹ́, ilẹ̀ ló ń fà mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń tì í lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á ní ẹyọ ẹyọ kí oníkálukú lọ tò ó fúnra rẹ̀, nítorí owó orí tí ìjọba wọn ń gbà nígbà yẹn lórí mọ́tò tí wọ́n ti tò tán kò kan èyí tí wọ́n tà ní ẹyọ. Tèmi kò ti inú páálí ẹnikẹ́ni wá. Páìpù onígun mẹ́rin ti mílímítà 25 ni èmi àti wẹ́dà àdúgbò wa ní Ìjọ́fì gé, tí a ń jó pọ̀ ní Sátidé dé Sátidé.

Ẹ́ńjìnnì tí mò ń wá ni 4A-GE ti Toyota, líta 1.6, fáàfù mẹ́rìndínlógún, èyí tí Yamaha bá wọn ṣe orí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bó ṣe ń dún mọ ohun tí mò ń wí. Mo sì fẹ́ èyí tó bá gíà ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn wá, ti Corolla AE86, nítorí ọ̀pọ̀ Corolla tó wà nígboro, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á, ìbú ni wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí. Irú èyí tí mò ń wá kì í ṣe ohun téèyàn ń rí lójoojúmọ́. Ibẹ̀ gan-an lọkùnrin yìí ti ń mú èèyàn. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti fi oṣù mẹ́jọ wá nǹkan, lọ́jọ́ tó bá rí i, ọkàn rẹ̀ á ti gbé e délé kó tó sanwó.

Sátidé kan ni mo wọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. "Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó, ẹ mu omi." Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì náà lé orí táyà, wọ́n ti so bátìrì àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, páǹpù epo wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì mọ́, kò funfun bí ògì. Mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, èéfín kò rú jáde. Mo fi àkísà tó ti rin fún epo nu ibi tí nọ́ńbà wà lára irin, mo fi fóònù yà á. Títí dé ibẹ̀ yẹn, mi ò ṣe àṣìṣe kankan.

₦650,000 la fẹnu kò sí, mo sì san gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ rìsíìtì fún mi: ẹ́ńjìnnì Toyota kan pẹ̀lú gíà. Kò kọ nọ́ńbà sí i, èmi náà kò sì béèrè. Ó wá ní àwọn ọmọ òun máa tú wáyà, wọ́n á fa ọ́ìlì kúrò kó má baà dà sínú ọkọ̀, wọ́n á sì fi tapólì dì í. "Á tó wákàtí kan ààbọ̀, Tíṣà. Ẹ má jókòó sínú oòrùn, ẹ lọ jẹun ní Lágere." Mo lọ. Mo jẹ iyán, mo pe ìyàwó mi pé mo ti rí i, inú èmi àti òun ń dùn. Nígbà tí mo padà dé, ẹrù ti wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, okùn ti yí i ká gírígírí. Bí ti àárọ̀ ṣe tóbi tó náà ló tóbi. Ta ló máa ronú pé kí òun tú u?

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, la tú u. Òórùn ọ̀dà ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Èyí tí mo rí ní Ifẹ̀ ní ìpẹ́ ọ́ìlì gbígbẹ lábẹ́. Èyí dúdú, ó ń dán. Irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni o, 4A-GE ni. Mo wá nọ́ńbà rẹ̀ lọ. Ojú ibẹ̀ tẹ́jú jù. Mo fi èékánná họ ọ̀dà orí rẹ̀, ó ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ipa fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin sì hàn lábẹ́ rẹ̀ ní fínnífínní. Nọ́ńbà tí wọ́n tún lù sí i kò tò lórí ìlà. 7 kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Mo gbé fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò bára mu.

Bàbá mẹkáníìkì tó ń ràn mí lọ́wọ́ fi sípánà yí i. Ó yí dé ibì kan, ó há. A ṣí orí rẹ̀. Ojú sílíńdà kẹta ti họ látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, èékánná yín á kọ́ ojú ọgbẹ́ náà. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n lọ jókòó sórí táyà.

Nígbà tí mo padà lọ bá ọkùnrin náà, ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. "Tíṣà, ẹ́ńjìnnì Toyota kan ni mo tà, ẹ́ńjìnnì Toyota kan lẹ gbé. Kí ló wà nínú rìsíìtì yín?" Ìbéèrè kan náà ni ọlọ́pàá bi mí: níbo ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí? Àwòrán tó wà lórí fóònù mi, irin àti nọ́ńbà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò fi ṣọ́ọ̀bù hàn, kò fi ojú ẹni tó tà á hàn. Ó lè jẹ́ ibikíbi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Kí ẹ ya fídíò kan ṣoṣo tí kò dúró: kó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ṣọ́ọ̀bù, kó kan ojú ẹni tó ń tà á, kó dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kó sì parí sórí nọ́ńbà. Kí ẹ rí i pé ẹni tó tà á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà náà sínú rìsíìtì, kó buwọ́ lù ú. Kí ẹ kán ọ̀dà èékánná sí ojú mẹ́ta níbi tó fara pamọ́ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ lè fi dá a mọ̀. Kí ẹ mú ìdajì owó dání títí ẹrù á fi wà lórí ọkọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ má kúrò níbẹ̀. Bí oòrùn ń pa yín, ẹ jẹ́ kó pa yín. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ rán ọmọ ní búrẹ́dì. Ẹni tó bá ń rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ lọ sinmi nígbà tí wọ́n fẹ́ di ẹrù, ẹ fura sí i.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi fáìlì pa rẹ́ tún ní ewu tirẹ̀. Ìwé mọ́tò wa máa ń gbé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ gba ìwé fún mọ́tò yìí, èmi ni wọ́n máa bi níbi tí mo ti rí irin tí wọ́n pa ojú rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì lè pè é ní ẹrù olè. Nítorí ìyẹn, mi ò ní tún òkú ẹ́ńjìnnì náà ṣe, mi ò sì ní tà á fún ẹlòmíràn. Ó wà lábẹ́ tapólì bí wọ́n ṣe gbé e wá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn, wọ́n máa ń tọ owó wọn lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi san. Ìdí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló nìyẹn. Sátidé mẹ́rin ni mo ti lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yẹn láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Mi ò pariwo, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Bí oníbàárà bá wọlé, mo máa ń fi àwòrán nọ́ńbà méjèèjì hàn án, àti ti sílíńdà kẹta. Ní Sátidé kẹta, ó san ₦150,000 padà. Ó ku ₦500,000.

Ẹni tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kó kàn sí mi, kó mú rìsíìtì rẹ̀ dání. Ní Sátidé tó ń bọ̀, láago mẹ́jọ, mo máa wà níbẹ̀.