Bandcamp ní Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ Kan ní Òṣogbo

Ẹni tó bá ń wá orin tí gbogbo ayé ti mọ̀ kò nílò ìkànnì tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí. Rédíò wà fún un, ọkọ̀ akérò wà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń kó orin sí mẹ́mórì fóònù ní agbègbè Ọláìyá náà wà níbẹ̀, tí ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè wọn kì í dákẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bandcamp wúlò fún ẹlòmíràn: ẹni tí ohun kan náà tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ ti sú, tó sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn olórin aládàáṣe, àwọn tí kò sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́dù ńlá kankan lẹ́yìn wọn, ń ṣe. Télọ̀ ni mí ní agbègbè Òkè-Fíà. Iṣẹ́ ti ọwọ́ ni iṣẹ́ wa, etí kì í sì í ní nǹkan ṣe nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tí mo fi wọn ìkànnì yìí ni bó ṣe bá ọjọ́ iṣẹ́ lásán mu, kì í ṣe bó ṣe rí fún ẹni tó jókòó sínú yàrá tútù tí détà kì í tán fún.

Ọdún 2008 ni ìkànnì náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọjà ni, kì í ṣe rédíò: olórin fúnra rẹ̀ ló ń gbé orin rẹ̀ síbẹ̀, òun ló ń dá iye owó lé e, ẹni tó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lè san ju iye náà lọ. Nínú owó orin tí a bá rà, ìkànnì náà ń yọ ìdá 15 nínú 100, ó sì ń dín in kù sí ìdá 10 nígbà tí ọjà tí olórin náà tà bá ti tó dọ́là 5,000. Bí ó bá jẹ́ aṣọ, kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo rẹ́kọ́dù ni olórin tà, ìdá 10 ni wọ́n ń yọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn tó ń bá wọn gba owó bá ti mú tiwọn, ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ohun tó ń kù fún olórin tàbí ilé rẹ́kọ́dù rẹ̀ ń tó nǹkan bí ìdá 82. Fún àwa Yorùbá, èrò yìí kì í ṣe àjèjì. Ní 1969 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró ti jọ dá STAR Records sílẹ̀, kí olórin lè ní ilé rẹ́kọ́dù tirẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà méjì yẹn tìtorí rẹ̀ dá odindi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ kan tó ní kọ̀ǹpútà àti makirofóònù kan ń rí i lónìí fún ìdá 15 yẹn, èmi kò sì rò pé ó wọ́n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí Bandcamp ti ta yọ ni ọ̀nà tí a fi ń rí orin tí a kò mọ̀ níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì mìíràn, ẹ̀rọ ló ń wo ohun tí ẹ gbọ́ lánàá kó tó gbé èyí tó jọ ọ́ wá. Bí ẹ bá ti gbọ́ fújì bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, fújì náà ni yóò máa bù fún yín títí yóò fi sú yín. Lórí Bandcamp, ẹsẹ̀ èèyàn ni à ń tọ̀. Lábẹ́ àwo-orin kọ̀ọ̀kan ni àwòrán kékeré àwọn tó ti rà á máa ń wà, a sì lè tẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn láti wo gbogbo ohun mìíràn tó ti fi owó ara rẹ̀ rà. Àwọn kan tún máa ń kọ gbólóhùn kan tàbí méjì sílẹ̀ nípa ohun tó wù wọ́n nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń dárúkọ orin tí wọ́n fẹ́ràn jù. Bí àlejò tó wọ ìlú tí kò mọ̀ ṣe ń wo ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun kó tó ra oúnjẹ ni mo ṣe ń lo àwọn àwòrán yẹn.

Ọgbọ́n díẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. N kì í tẹ ẹni tó ti ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo-orin, nítorí ẹni tó ń ra ohun gbogbo kò tíì yan nǹkan kan. Ẹni tí ohun tó rà kò pọ̀ ni mò ń wá, pàápàá bí méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí èmi náà ti gbọ́ tí mo sì fẹ́ràn. Ohun yòówù tó bá kù lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mi. Báyìí ni mo ṣe ti orí gìtá àwọn ará aṣálẹ̀ Niger, tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, dé orí ohun tí àwọn onílù Bahia ní Bràsíl ń ṣe, ibi tí wọ́n ti ń kọrin fún Ọ̀ṣun títí di òní, tí ẹni tí a bí sí Òṣogbo kò sì lè gbọ́ ọ kí orí rẹ̀ má wú. Kò sí ẹ̀rọ tó rò pé mo lè fẹ́ràn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí, tí n kò sì lè mọ̀, ló ra méjèèjì. Ẹ tún lè fi irú orin tàbí ìlú tí olórin wà wá nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lọ́rùn, nítorí ohun tó bá wu olórin ló ń kọ sára orin rẹ̀.

Ní ti bí ó ṣe ń bá iṣẹ́ lọ, ó yẹ kí ń ṣàlàyé díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yin ìkànnì orin kì í sọ ìgbà tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Bí a bá ń gé aṣọ, n kì í ṣí orin tuntun rárá. Léèsì oníléèsì kò mọ̀ pé orin náà dùn, bí sísọ́ọ̀sì bá sì ti yà, ó ti yà. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń ṣiṣẹ́, ariwo rẹ̀ a máa gbé orin tó rọra ń lọ mì, orin tí a ti mọ̀ ló sì dára ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ nítorí ọkàn lè parí ohun tí etí kò gbọ́. Àkókò orin tuntun ni ìgbà tí a bá ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ, tí a bá ń so bọ́tìnnì mọ́ ọn, tàbí tí a bá ń lọ aṣọ. Bandcamp bá àkókò yìí mu ju ìkànnì tó ń ti orí orin kan fò sórí òmíràn lọ, nítorí àwo-orin lódindi ló ń gbé kalẹ̀: a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a pa fóònù tì, kò sì sí ìpolówó ọjà tí yóò já wọlé láàárín orin.

Àlàájà kan tó wá gba ìró àti bùbá rẹ̀ bá wa lórí orin àwọn onílù Bahia yẹn. Ó dúró, ó ní, “Télọ̀, àwọn wo ló ń lùlù yìí? Ṣé àwọn ará Ìlobùú ni?” Mo ní, “Rárá o, mà. Àwọn ará Bràsíl ni.” Ó ní kí n má purọ́ fún òun nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi. Nígbà tí mo fi àwòrán wọn hàn án, ó jókòó ti orin náà títí ó fi parí, ó sì ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Níbí yìí ni ìkànnì náà ti ṣiṣẹ́ bí mo ṣe fẹ́: mo fi líǹkì rẹ̀ sórí WhatsApp, Àlàájà tẹ̀ ẹ́, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó forúkọ sílẹ̀ tàbí pé ó ní áàpù kankan. Olórin lè fi òpin sí iye ìgbà tí a lè gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó bẹ̀ wá pé ká rà á, ohun tí kò sì burú nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa détà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ní Òṣogbo ti máa ń pinnu. Orin tí a bá gbọ́ tààrà lórí ìkànnì náà láìrà á wà ní ìwọ̀n MP3 128 kbps, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi MB kan ní ìṣẹ́jú kan. Àwo-orin tó gùn tó ogójì ìṣẹ́jú yóò jẹ nǹkan bíi MB 40. Bí a bá rà á, a lè yan irú fáìlì tí a fẹ́. MP3 320 àwo-orin kan náà yóò tó nǹkan bíi MB 96, FLAC rẹ̀, ìyẹn irú fáìlì tí kò gé nǹkan kan kúrò nínú ohùn orin, sì lè lé ní MB 200. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ń lo sípíkà kékeré onítábìlì, MP3 tó. Ẹni tó bá ń ra FLAC fún irú sípíkà yẹn ń fi détà ṣòfò. Àǹfààní tó wà nínú rírà ni pé fáìlì náà di tẹni, ó wà nínú fóònù, a lè gbọ́ ọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni kò sì ní tì í pa mọ́ wa bí a kò bá san owó oṣù.

Wàyí o, sísan owó náà ni ìṣòro. Dọ́là, pọ́n-ùn tàbí yúrò ni wọ́n fi ń tajà níbẹ̀ jù. Láti ìparí 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì wa ti dá lílo káàdì náírà fún ìnáwó òkèèrè dúró, ó sì di 2025 kí àwọn kan tó tún ṣí i, pẹ̀lú gbèdéke. Dọ́là méje, tó jẹ́ iye tó wọ́pọ̀ fún àwo-orin kan, kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní náírà, n kò sì ní díbọ́n bí ẹni pé mò ń ra gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń jókòó sínú àkójọ ohun tó wù mí, tí mo ń padà sí nígbà tí aṣọ àríyá bá pọ̀.

Àbùkù kejì tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olórin wa kò pọ̀ níbẹ̀. PayPal, ètò ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni olórin fi ń gba owó rẹ̀ lórí Bandcamp, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ó fi jẹ́ pé a lè fi PayPal sanwó láti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n a kò lè fi gbà á. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú jùjú, àpàlà àti fújì tí ẹ ó bá pàdé níbẹ̀ jẹ́ orin àtijọ́ tí àwọn ilé rẹ́kọ́dù òkèèrè tún gbé jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ àdúgbò rẹ̀ gbà sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, kí ó lọ sórí Audiomack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, tí olórin lè gbé orin sí lọ́fẹ̀ẹ́, tí a sì lè tọ́jú orin pamọ́ sí nínú áàpù láti gbọ́ láìsí détà. Mo ń lo méjèèjì. Ó kàn ń dùn mí pé ìlú tó sọ ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀ di Mbari Mbayọ̀, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní 1962, tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọnà kankan ti ibẹ̀ di ayàwòrán tí ayé mọ̀, kò tíì ní ojú tó pọ̀ lórí ìkànnì tí wọ́n dìídì ṣe fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan fún ẹni tó bá rà: ẹ wa fáìlì yín jáde sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Epic Games, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, ra Bandcamp ní 2022, ó sì tún tà á fún Songtradr, ilé-iṣẹ́ tó ń ta àṣẹ lílo orin, ní 2023, nígbà tí nǹkan bí ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàdánù iṣẹ́ wọn. Ìkànnì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó ti pààrọ̀ ọwọ́ báyìí kì í ṣe ibi tí mo lè fi orin mi sí láìní ẹ̀dà nílé.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín dé ọ̀dọ̀ olórin, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Bandcamp Friday, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní March 2020 nígbà tí kòrónà ti gbogbo òde orin pa. Lọ́jọ́ náà, ìkànnì kì í yọ ìpín tirẹ̀, àwọn tó ń bá wọn gba owó nìkan ló ń mú tiwọn. Aago California ni wọ́n ń lò, nítorí náà agogo mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló ń bẹ̀rẹ̀ ní tiwa, ó sì ń parí ní àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti gba aṣọ òde rẹ̀ tó sì ti san ìyókù owó. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá tíì ṣiṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àwo-orin tí olórin fi òdo sí gẹ́gẹ́ bí iye tó kéré jù. Ẹ kọ òdo síbẹ̀, ẹ fi í-méèlì yín sílẹ̀ bí wọ́n bá béèrè, kí ẹ sì wa orin náà.