PostgreSQL 15 lórí Debian 12: àwọn fáìlì ètò tó bá a wá, bí mo ṣe rí wọn

PostgreSQL fúnra rẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń bójú tó dátábéèsì, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Àwọn fáìlì ètò tó máa ń bá a wá, tó ń sọ bí sáfà ṣe máa ṣiṣẹ́, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn èyí tó wà nínú /etc/postgresql/15/main lórí Debian (oríṣi Linux kan), torí wọ́n ti mú mi jókòó rí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí postgresql.conf. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé èèyàn ló máa kà á. Ọ̀pọ̀ ètò ló ní àlàyé ráńpẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó sì jẹ́ pé àfi ká pa sáfà ká tún un tàn kó tó ṣiṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Iye tí wọ́n fi sí i ló ṣe mí bákan. shared_buffers, ìyẹn àyè inú RAM tí PostgreSQL ń kó dátà sí, 128MB péré! Lórí sáfà tó ní RAM 16GB, bí ẹni ń fi ṣíbí gbọ́n odò ni. Ìwé àlàyé PostgreSQL alára ní bí sáfà bá jẹ́ ti dátábéèsì nìkan, tí RAM rẹ̀ tó 1GB tàbí jù bẹ́ẹ̀, kéèyàn fi nǹkan bíi 25% rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo gbé tèmi sí 4GB. random_page_cost náà, tó ń díwọ̀n bí kíka dátà káàkiri dísíìkì ṣe nira tó, wà ní 4.0, èyí tó bá dísíìkì tó ń yí bírí mu. SSD ni tèmi, mo fà á wálẹ̀ sí 1.1.

work_mem, ìyẹn RAM tí iṣẹ́ bíi títò dátà lè lò, ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo. 4MB ló wà nínú fáìlì, mo sọ ọ́ di 32MB, mo ní kí sáfà tún fáìlì kà, mo tẹ SHOW work_mem láti wo iye tó ń lò. 8MB ló gbé síwájú mi. Mẹ́jọ kẹ̀? Ibo ni mẹ́jọ ti wá? Mo tún un ṣe, mẹ́jọ náà ni. Ìgbà tí mo bi pg_settings léèrè, níbi tí sáfà ń to gbogbo ètò rẹ̀ sí, tí mo wo òpó sourcefile, tó ń sọ fáìlì tí iye ti wá, ni àṣírí tú: postgresql.auto.conf, tó lúgọ sínú /var/lib/postgresql/15/main. Ibẹ̀ ni ALTER SYSTEM, àṣẹ SQL tó ń yí ètò padà, máa ń kọ nǹkan sí, òun ni sáfà ń kà gbẹ̀yìn, ohun tó bá sì wà nínú rẹ̀ ló ń borí. Ta ló kọ 8MB síbẹ̀? Èmi náà ni, lọ́jọ́ tí mo ti gbàgbé. Mo lo ALTER SYSTEM RESET láti yọ ọ́ kúrò, mo ní kó tún kà, ó di 4MB. Háà! Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé mi ò yọ hash (#) tó wà níwájú ìlà náà nínú postgresql.conf. Ìlà tó bá ní hash níwájú, sáfà ò kà á sí rárá. Àṣìṣe méjì, ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

(Ẹ má sì fi ìbínú gbé work_mem ga o. Kì í ṣe ti sáfà lápapọ̀: iṣẹ́ títò kọ̀ọ̀kan nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló lè gba tó bẹ́ẹ̀, max_connections, iye ìsopọ̀ tó lè wà lẹ́ẹ̀kan náà, sì jẹ́ 100.)

pg_hba.conf, fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè wọlé àti bó ṣe máa wọlé, le ju ìyẹn lọ lójú mi, síbẹ̀ òun ni mo yìn jù. Ẹni tó bá fi initdb gbé dátábéèsì kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, trust ló máa bá níbẹ̀: ẹni yòówù tó wà lórí ẹ̀rọ náà lè wọlé láìsí páásíwọ́ọ̀dù. Debian fi peer sí ti local (ìwọlé lórí ẹ̀rọ náà láìgba nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ó fi scram-sha-256, tó ń bèèrè páásíwọ́ọ̀dù, sí ti 127.0.0.1 (ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, àmọ́ gba ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Peer kì í bèèrè páásíwọ́ọ̀dù, orúkọ yín lórí Linux ló ń wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi rí "Peer authentication failed" tòun ti páásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ìlà tèmi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sí ìyàtọ̀, torí láti òkè ni sáfà ti ń kà á, ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá a mu ló ń tẹ̀ lé, kì í wo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Mo gbé e sókè, ilẹ̀kùn ṣí.

Ní báyìí, mi ò fọwọ́ kan postgresql.conf mọ́. Debian ti fi include_dir, tó ní kí sáfà ka àwọn fáìlì inú fódà kan mọ́ ọn, tó tọ́ka sí fódà conf.d sí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń kó gbogbo tèmi sí. Kí orúkọ fáìlì yín ṣáà fi .conf parí. Mo ti gbàgbé èyí lẹ́ẹ̀kan, sáfà fò ó bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.