Kíláàsì Ìdáná fún Ìdílé Alátọ̀gbẹ: Ọ̀rọ̀ Ìwọ̀n Yanjú, Ọ̀rọ̀ Oògùn Ṣì Kù

Kíláàsì àdúgbò tí wọ́n ti ń kọ́ ìdílé alátọ̀gbẹ ní oúnjẹ sísè dára púpọ̀, pàápàá bí ẹni tó ń dáná nílé bá bá aláìsàn lọ. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ń kọ́ gbogbo ilé láti jẹ nínú rẹ̀. Kò sí pé à ń se ti aláìsàn lọ́tọ̀.

Ìwọ̀n ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́ jù. Nínú àwo pẹrẹsẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23, ẹ̀fọ́ á gba ìdajì, ẹja, ẹyin tàbí ẹran á gba ìlàjì èyí tó kù, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì á gba ìyókù. Lẹ́yìn náà ni ife ìwọ̀n á jáde. Ìrẹsì sísè tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ife ní nǹkan bíi gíráàmù 15 kábọ̀háídíréètì, èròjà oúnjẹ tó ń di ṣúgà nínú ara. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á wọn ìrẹsì kó tó dórí iná, iye ti èyí tó ti jinná ni wọ́n á sì kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè wú di ìlọ́po mẹ́ta nínú ìkòkò. Olùkọ́ tó bá tún un wọ̀n lójú yín lẹ́yìn tó jinná, iṣẹ́ yé e. Ẹ mú ṣíbí tí ẹ fi ń bu oúnjẹ nílé dání, kí ẹ mọ iye tó ń gbà.

Wọ́n tún ń kọ́ni láti dín iyọ̀ kù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àfirọ́pò iyọ̀ ní potásíọ̀mù nínú, ó sì léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn.

Àléébù ńlá tó wọ́pọ̀ ni pé wọn kì í béèrè irú oògùn tí aláìsàn ń lò. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tàbí tó ń lo àwọn hóró oògùn tó ń mú kí ara tú ínsúlínì jáde, bó bá ṣàdédé gé ìrẹsì rẹ̀ sí ìdajì láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù. Bí ṣúgà náà bá wọ abẹ́ 70 mg/dL (mílígíráàmù nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀) lórí ẹ̀rọ ìyẹ̀wò, ṣúgà gíráàmù 15 tó ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀ ló nílò, bíi omi èso mílílítà 120. Kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún un yẹ̀ wò. Ṣokoléètì kò yẹ níbẹ̀, torí ọ̀rá inú rẹ̀ ń dá ṣúgà dúró. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ pe ìrànwọ́ pàjáwìrì kíá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti kọ́ni ní èyí. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá onímọ̀ oúnjẹ tàbí nọ́ọ̀sì máa ń wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ oògùn yín han dókítà kí ẹ tó yí ìwọ̀n oúnjẹ padà.